Bí a ṣe mọ kílò tí píkọ́ọ̀pù 404 Màmá tẹ̀wọ̀n ní Iléṣà

Ẹni tó bá ní òun á fojú lásán wo mọ́tò kóun sì sọ kílò tó tẹ̀wọ̀n fún yín, ẹ má tíì gba owó lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an, ìdí tí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, látọjọ́ tí wọ́n dá iye lé mọ́tò yẹn títí dọjọ́ tówó wọlé. Kì í ṣe ilé Màmá nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀ o, káàkiri Iléṣà àti Ifẹ̀ làwọn àgbàlagbà ti ń ta mọ́tò tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ ní kílò-kílò, wọn ò sì mọ kílò mélòó ni wọ́n ń tà.

Mẹkáníìkì Peugeot ni mí, 404 àti 504 ni mo fi kọ́ṣẹ́, mo ṣì ń ṣe wọ́n dòní. Ọkọ Màmá tí mò ń sọ yìí máa ń ra kòkó láyé ìgbà tí bọ́ọ̀dù kòkó ṣì wà, kíjọba tó tú wọn ká lọ́dún 1986, píkọ́ọ̀pù Peugeot 404 ni Bàbá sì fi ń kó kòkó ọ̀hún látoko wọlé. Mọ́tò yẹn ti wà lọ́wọ́ wọn ṣáájú April 2, 1972 tí gbogbo Nàìjíríà kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún. Ẹ lè rí i lára ẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì ẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, wọ́n wá gbé e bọ́ sósì, ihò tó ṣẹ́ kù níbi tí wọ́n ti yọ ọ́, wẹ́dà fi irin pẹlẹbẹ dí i pa. Ẹ fi irin yẹn sọ́kàn, mo ṣì máa sọ̀rọ̀ kàn án.

Bàbá ti lọ, ó pẹ́ tí mọ́tò ò rìn mọ́, ẹ́ńjìnnì ti gan, abẹ́ ẹ̀ ti jẹrà débi pé téèyàn bá fi sikirudíráfà gún un, wíwọlé ló ń wọlé. Mo kọ́kọ́ wá ẹni tó máa rà á tún ṣe, torí 404 kì í ṣe mọ́tò kékeré rárá, Pininfarina ará Ítálì ló ya ìrísí ẹ̀, ọdún 1960 ló jáde, 404 ló sì gba Safari Rally tí wọ́n ń ṣe ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1963, ó tún gbà á ní 1966, 1967 àti 1968, nínú ẹrẹ̀ àti eruku tí mọ́tò mìíràn ti ń kú sí. Ẹni tó bá ti bá a ṣiṣẹ́ mọ̀ pé tí wọ́n bá gé e, ohun tí ò ní padà wá mọ́ ni wọ́n gé. Àmọ́ gbogbo ẹni tí mo pè, ìbéèrè kan náà ni, ṣé ó ń rìn, mo ní rárá, wọ́n ní kí n máa ṣe é lọ. Ojú ibi tó wà sì rèé, Màmá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i, làwọn ọmọ tó wà l'Ékòó bá ní kí wọ́n kúkú pe oní-kọ̀ndẹ́ẹ̀mù.

Oní-kọ̀ndẹ́ẹ̀mù dé, ó yí mọ́tò po, ó fẹsẹ̀ gbá táyà, ó ní 800 kílò. 300 naira lórí kílò kan, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 240,000 naira. Màmá ní báwo lo ṣe mọ̀ pé 800 ni. Àlàyé tó ṣe nìyí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí i dáadáa torí ẹ máa gbọ́ irú ẹ̀ níbòmíì: "Màmá, ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ pé wan-tọ́ọ̀nù là ń pe píkọ́ọ̀pù yìí, tọ́ọ̀nù kan, 1,000 kílò nìyẹn, ìpẹtà ti jẹ bí 200 kúrò lára ẹ̀, ó ku 800." Ó sì dún bí òótọ́ létí. Wọ́n sọ ọ́ fáwọn ọmọ lórí fóònù, àwọn yẹn ní ó ti dáa, kí wọ́n gbowó ọwọ́ ẹ̀. Màmá ni ò gbà. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní, "Ẹ̀njíníà, wá bá mi wò ó o, kílò mélòó ni mọ́tò bàbá ẹ? Ọkàn mi ò balẹ̀ sọ́mọ yìí."

Ọ̀rọ̀ wan-tọ́ọ̀nù yẹn ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Wan-tọ́ọ̀nù kì í ṣe ohun tí mọ́tò tẹ̀wọ̀n, ẹrù tí mọ́tò lè gbé ni! Màmá gan-an ló sì jẹ́rìí sí i. Mo ní Màmá, tí Bàbá bá di kòkó kún ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa, àpò mélòó ni, wọ́n ní mẹ́rìndínlógún, pé ọjọ́ tí Bàbá bá ṣagídí ó máa ń di ogún. Ẹni tó bá ti ta kòkó rí nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé àpò 16 ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, 62.5 kílò kòkó ló ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹrù nìyẹn o. Mọ́tò tó wá gbé ẹrù yẹn lórí, tó ní ẹ́ńjìnnì, tó ní ọ̀pá ẹ̀yìn, tó ní ríìmù márùn-ún, òun náà ní ìwọ̀n tiẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì sí òfin tó ní kí méjèèjì bára mu. Ohun mẹ́ta làwọn èèyàn ń lù pọ̀ níbẹ̀, ohun tí mọ́tò tẹ̀wọ̀n lófìfo, ẹrù tó lè gbé, àti àròpọ̀ méjèèjì pẹ̀lú èèyàn inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí fígọ̀ kílò lára pléètì kékeré tó máa ń wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò akẹ́rù, àròpọ̀ tí ò gbọdọ̀ kọjá yẹn ló sábà máa ń jẹ́, ẹ ò lè fi ta irin. Ti Màmá, ìpẹtà ti jẹ pléètì ọ̀hún, nọ́ńbà ṣáásì nìkan ló ṣì ṣeé kà.

Ti 200 kílò tó ní ìpẹtà jẹ, ìyẹn ló bí mi nínú jù. Ẹ gbọ́, irin tó bá dípẹtà, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló gbà mọ́ra, ìpẹtà tó ṣì lẹ̀ mọ́ mọ́tò wúwo ju irin tó di ìpẹtà yẹn lọ, àfi èyí tó bá ti ṣí tó já bọ́ sílẹ̀ nìkan ló dín kù lára ẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tí nínípọn ẹ̀ jẹ́ mìlímítà kan, tí òró àti ìbú ẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, kò tó kílò 8, 7.85 ni. Kí 200 kílò tó lè já bọ́, irin pẹlẹbẹ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n irú ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ti pòórá pátápátá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ní sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò ní sí ilẹ̀kùn, òrùlé á ti lọ, ẹ́ńjìnnì á kàn jókòó sórí ilẹ̀. Mọ́tò tí mò ń wò ní gbogbo ara ẹ̀ lọ́rùn, ó kàn lu ihò lábẹ́ ni. Mo fojú bù ú pé ohun tó ti já bọ́ ò lè tó 20 kílò.

Ọmọ-ọmọ Màmá tó wà ní poli ti wo fóònù ẹ̀, ó ti rí oríṣiríṣi fígọ̀ fún 404, wọn ò sì bára mu. Wọn ò lè bára mu. Òmíì wà tó jẹ́ ti sálúùnù, òmíì ti wágìnnì, òmíì ti píkọ́ọ̀pù, àwọn kan ń lo bẹntiróòlù, àwọn kan dísẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sì wúwo jù. Ká tiẹ̀ rí fígọ̀ píkọ́ọ̀pù alábẹntiróòlù gan-an, ìwọ̀n ọjọ́ tó jáde ní fákitọ́rì nìyẹn, mọ́tò tó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Iléṣà kì í ṣe mọ́tò yẹn mọ́. Irin tí wẹ́dà fi dí ihò sítíárì ńkọ́? Ilẹ̀ bọ́dì ẹ̀yìn gan-an lọ̀rọ̀ wà, ti fákitọ́rì ti jẹrà tipẹ́, panẹ́bítà kan ti yọ ọ́, ó fi pléètì mìlímítà mẹ́ta rọ́pò ẹ̀ kó má bàa gún mọ́. Mo wọn ibẹ̀, 1.8 mítà gígùn, 1.4 mítà fífẹ̀, ẹ lu fígọ̀ ẹ̀, pléètì yẹn nìkan súnmọ́ 60 kílò, nígbà tó jẹ́ pé tó bá jẹ́ mìlímítà kan ni, 20 ni ì bá jẹ́. Ogójì kílò ti gorí ẹ̀ níbì kan ṣoṣo. Ìwé kankan ò lè sọ ìyẹn fún yín.

Kò wá sóhun tó kù ju ká wọ̀n ọ́n lọ. Àmọ́ mọ́tò tí ò rìn, gbígbé e lọ síbi òṣùwọ̀n á nówó, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó tọ́ kí Màmá náwó ọ̀hún rárá, torí tí òótọ́ bá jẹ́ 850, owó mọ́tò agbémọ́tò á jẹ èrè tán. Mo wá fi táyà ẹ̀ wọ̀n ọ́n fúnra mi nínú ọgbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní géèjì àti rúlà, ẹ lè ṣe é nílé yín.

Ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú ló yẹ kó wà, ti Màmá wà lórí kọnkéré gáréèjì. Ẹ̀yìn bọ́dì lẹ kọ́kọ́ máa wò, torí omi òjò ti dúró síbẹ̀ títí ewé fi jẹrà sínú ẹ̀. Èèyàn lè máa rò pé kékeré ni, ṣùgbọ́n omi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lórí ilẹ̀ bọ́dì yẹn ju 120 kílò lọ! A lu ojú ihò tó dí, omi dà nù, a kó ewé àti ẹrẹ̀ kúrò. Fokanáísà ki túùbù tuntun sínú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin torí wọn ò dá afẹ́fẹ́ dúró mọ́, ó fọn wọ́n dé 30 PSI lọ́gbọọgba. Tí géèjì bá ti wà lórí 30, gbogbo ìwọ̀n íǹṣì kan ní gígùn, íǹṣì kan ní fífẹ̀, níbi tí táyà ti fẹnu kan ilẹ̀, ń gbé nǹkan bíi pọ́ùn 30. Torí náà tẹ́ ẹ bá mọ bí ojú ibi tó kan ilẹ̀ ṣe tóbi tó, ẹ ti mọ ohun tí táyà yẹn gbé. Ìwé la fi mọ̀ ọ́n, ẹ ti bébà wọ abẹ́ táyà látiwájú títí táá fi kọ̀ láti wọlé mọ́, ẹ ti òmíì wọlé látẹ̀yìn, ẹ fi rúlà wọn àárín bébà méjèèjì, ẹ ṣe bákan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Iwájú, 4.5 íǹṣì ní fífẹ̀, íǹṣì 5 ní gígùn, ìyẹn 22.5, ẹ fi 30 lù ú, 675 pọ́ùn fún táyà kan, èkejì ò yàtọ̀. Ẹ̀yìn, 4.5 ní ìbú lóròó, 20.25, ẹ fi 30 lù ú, 607 àti ààbọ̀. Àròpọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin 2,565 pọ́ùn, pọ́ùn 2.2 ló ń jẹ́ kílò kan, a dé nǹkan bí 1,160 kílò. Iwájú wúwo ju ẹ̀yìn lọ, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn fún píkọ́ọ̀pù tí ò gbé ẹrù, ẹ́ńjìnnì ló ń tẹ iwájú. Mo sọ fún Màmá pé fígọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n máa fi tajà, táyà tó ti gbó tó sì le máa ń fi ara ẹ̀ gbé díẹ̀ nínú ẹrù láìsí afẹ́fẹ́, ojú tó kan ilẹ̀ á wá kéré ju bó ṣe yẹ lọ, géèjì pàápàá lè yẹ̀. Mo ní kí wọ́n fojú sí i pé ó lè lọ sókè tàbí sílẹ̀ ní nǹkan bí 1 nínú 10. Ṣùgbọ́n ẹ gbé 1 nínú 10 kúrò lára 1,160, ó ṣì ju 1,040 lọ. Ibo ni 800 ti wá?

Ohun tí mo rí yìí ló jẹ́ kí Màmá yọ̀ǹda owó mọ́tò agbémọ́tò.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní mọ́tò ẹlẹ́yìn pẹlẹbẹ tó fi ń gbé mọ́tò tó bà jẹ́ láti Ifẹ̀, ó gba Òṣú wọlé. Kọ́ọ̀rì kan lóde ìlú ní wéébríìjì, òṣùwọ̀n ńlá inú ilẹ̀ tí àwọn típà tó ń kó òkúta ń gùn, mo ti bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní ká wá láàárọ̀ kí típà tó pọ̀. Tó bá jẹ́ mọ́tò tó ń rìn ni, wọ́n kàn máa wà á gun orí ẹ̀ ni, ó parí. Ti wa ò rìn, torí náà ẹ̀ẹ̀mejì la máa wọ̀n ọ́n, a ó kọ́kọ́ wọn mọ́tò agbémọ́tò lófìfo, a ó wá padà wá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú 404 lórí ẹ̀, ohun tó bá fi pọ̀ sí i ni ti 404. Àwọn oníkòkó ò jẹ́ sọ pé àwọn ò mọ èyí, bí wọ́n ṣe ń yọ ìwọ̀n àpò kúrò lára kòkó náà ni.

Ibi tí wọ́n ti máa ń bà á jẹ́ ni àárín ìwọ̀n àkọ́kọ́ sí ìkejì, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ níbẹ̀ díẹ̀. Ohun gbogbo tó bá wà lórí mọ́tò agbémọ́tò nígbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà kejì, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Dírébà jókòó sínú mọ́tò lẹ́ẹ̀kíní, kó jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ tó ń ràn án lọ́wọ́ wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, kó wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣéènì àti jáàkì ẹ̀ ńkọ́, wọ́n ti wà lórí ẹ̀ látàárọ̀, kí wọ́n dúró síbẹ̀. Bá a ṣe gbé 404 tán nílé Màmá tá a ń padà lọ, ọ̀rẹ́ mi fẹ́ yà ra dísẹ́ẹ̀lì, mo ní kó jọ̀ọ́, kó ṣe sùúrù ká wọ̀n ọ́n tán, torí lítà 100 dísẹ́ẹ̀lì ju 80 kílò lọ, gbogbo ẹ̀ ni ì bá sì bọ́ sórí 404, àwa náà á wá di òpùrọ́ sí oní-kọ̀ndẹ́ẹ̀mù. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń jà kí wọ́n má rẹ́ òun jẹ ò gbọdọ̀ fi kílò èké gbowó ẹlòmíì. Epo tó jó láàárín ọ̀nà kò tó nǹkan, ìlú ò jìn síbẹ̀.

Mo tún ní kí ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà fi ojú hàn mí pé òdo ló wà lójú ẹ̀ ká tó gùn ún, ó sì wà lódo. Lófìfo, 6,740. Pẹ̀lú 404, 8,020. Mo gba rìsíìtì méjèèjì, ọjọ́ àti aago wà lára wọn. 8,020 yọ 6,740, 1,280 kílò.

Màmá bá wa lọ o, ẹ má rò pé wọ́n jókòó sílé. Wọ́n wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú ọ́fíìsì, wọ́n ní kí n kígbe fígọ̀ ọ̀hún kí gbogbo èèyàn gbọ́.

Àmọ́ 1,280 yẹn náà, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni mọ́tò. Wéébríìjì típà ń fò ní 20-20 kílò, kò lè sọ 1,273 fún yín, torí náà tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀kan lára èkejì, òótọ́ lè fi bíi 20 yẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀. Ìyẹn ò dùn mí, 20 nínú 1,280 kéré. Èkejì, ẹrù wà lẹ́yìn ẹ̀ tó jẹ́ ti Màmá lọ́tọ̀, jíàbọ́ọ̀sì àtijọ́ kan, bátìrì méjì tó ti kú àti àwọn ọ̀pá irin tí Bàbá kó jọ. A fi òṣùwọ̀n kòkó tó ṣì wà nílé wọn wọ̀n ọ́n, 68 kílò. Mọ́tò gan-an wá kù 1,212. Fígọ̀ táyà tí mo ní nínú ọgbà, pẹ̀lú ẹrù yẹn lórí ẹ̀ ló jẹ́ 1,160, òun àti 1,280 ò bára dọ́gba, ó dín nǹkan bí 1 nínú 11, bí mo ṣe rò ó gan-an.

Oní-kọ̀ndẹ́ẹ̀mù padà wá. Mo fi rìsíìtì hàn án. Kò bínú, ó ní òun ò mọ wéébríìjì kankan, pé ìlànà tàwọn ni pé àwọn á gé e, àwọn á sì fi síkéèlì tàwọn wọ̀n ọ́n níṣojú Màmá, kò sẹ́ni tó máa rẹ́ ẹnì kankan jẹ. Síkéèlì ọ̀hún, èyí tí wọ́n máa ń fi kọ́ ni, oníspíríngì, tó ní abẹ́rẹ́ lójú. Màmá ní ó dáa. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká dán an wò ná. Àwọn bíríkìlà ti kó símẹ́ǹtì wá fún ṣọ́ọ̀bù, mo gbé àpò kan tí wọn ò tíì tú, 50 kílò ló wà lára ẹ̀, mo so ó mọ́ ìkọ́. Abẹ́rẹ́ dúró sí 43. Ó ní símẹ́ǹtì ayé ìsinsìnyí ò pé, àwọn tó ń dì í ló ń yọ níbẹ̀. A gbé e sórí òṣùwọ̀n kòkó Bàbá, ó pé 50. Mo tún rọmi kún kẹ́ẹ̀gì 25 lítà, lítà omi kan kílò kan ni, kò sẹ́ni tó lè bá omi jiyàn, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì ó yẹ kó jẹ́ 26, síkéèlì ẹ̀ ní 22.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Síkéèlì tó ń ka 50 sí 43, tí wọ́n bá fi wọn mọ́tò yìí lẹ́yọ lẹ́yọ, níṣojú Màmá, tí gbogbo èèyàn ń wò ó, 1,212 á di nǹkan bí 1,040. Kílò 170 á ti bọ́ láìsí pé ẹnì kankan jí nǹkan kan. Bóyá spíríngì ló ti rọ̀, bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yí i, mi ò lè sọ, èmi ò sì fẹ́ pe ọmọ ọlọ́mọ lólè. Àmọ́ ohun tó wà lójú síkéèlì yẹn lohun tí wọ́n fi ń san owó fáwọn ìyá wa, àpò símẹ́ǹtì kan péré ló sì tú u fó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òṣùwọ̀n tẹ́ ò dán wò ra nǹkankan lọ́wọ́ yín, tí ò bá sí símẹ́ǹtì, kẹ́ẹ̀gì omi wà nílé gbogbo ènìyàn.

Ó gbà pé ká lo rìsíìtì. Ó wá ní ẹ̀tọ́ tiẹ̀ náà, mo sì gbè é lẹ́yìn níbẹ̀, kì í ṣe gbogbo 1,212 ni irin. Táyà wà níbẹ̀, gíláàsì wà, fóòmù àga wà, pákó tí wọ́n fi ṣe àgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́dì wà, kò sẹ́ni tó ń ra ìyẹn ní iye irin. A tú wọn sílẹ̀, a fi òṣùwọ̀n kòkó wọ̀n wọ́n, 102 kílò. Ó ku 1,110. Òun á ti fẹ́ dúró síbẹ̀ kó sanwó, èmi ni mo ní ó kù, torí orí ẹ́ńjìnnì 404 kì í ṣe irin, àlúmíníọ̀mù ni, rádíétọ̀ àtijọ́ yẹn bàbà àti idẹ ni, wáyà bàbà ló kún inú síátà àti dáínámò. Gbogbo wọn lọ́jà mọ̀ ní iye tó ju irin lọ dáadáa. Téèyàn bá fi wọ́n sílẹ̀ lára mọ́tò, ní iye irin ló tà wọ́n. Àwa méjì pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ mi la yọ wọ́n, 38 kílò, Màmá tà wọ́n lọ́tọ̀, ní iye tiwọn. Irin tó wá kù, 1,072 kílò, ní 300 naira tí òun fúnra ẹ̀ ti dá lé e látìbẹ̀rẹ̀, 321,600 naira.

Ẹ fi wé 240,000. Owó irin nìkan fi 81,600 lé, a ò tíì ka bàbà àti àlúmíníọ̀mù mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ mi gba 30,000 fún mọ́tò agbémọ́tò, kọ́ọ̀rì gba 2,000. Jíàbọ́ọ̀sì ẹ̀yìn yẹn, èmi ni mo rà á lọ́wọ́ Màmá, mo sì san ju iye irin lọ fún un torí ó ṣì dáa.

Àwọn ọmọ pè láti Èkó pé fígọ̀ ti wá pọ̀ jù, 1,280, 1,212, 1,110, 1,072, èwo lòótọ́ níbẹ̀. Gbogbo wọn lòótọ́. Mo kọ ọ́ sórí bébà fún Màmá, èyí tí wéébríìjì sọ, èyí tí mọ́tò tẹ̀wọ̀n, èyí tó kù tá a yọ táyà àti gíláàsì, èyí tó jẹ́ irin pọ́nńbélé, mo so rìsíìtì méjèèjì mọ́ ọn. Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí.

Oní-kọ̀ndẹ́ẹ̀mù fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kóun máa gé e lọ, pé bó bá di ìrọ̀lẹ́ òun á mú ìyókù owó wá. Ìyá tó bí Màmá, òṣómàáló ni, aṣọ ni wọ́n ń tà kiri ìlú táwọn èèyàn ń jẹ wọ́n lówó, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ní kó lọ jókòó, pé gáàsì ò gbọdọ̀ kan mọ́tò ọkọ àwọn kówó tó pé. Ó pe ọ̀gá ẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́, alẹ́ẹ̀tì wá wọlé sórí fóònù ọmọ-ọmọ wọn. Màmá ní kó kà á síta. Ó kà á. Wọ́n ní kó tún un kà, kó fara balẹ̀ ka òdo ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí wọ́n ṣí géètì fún un.